Ojú Tó Kù Lára Igi

Gbólóhùn kan tó jáde lẹ́nu èmi fúnra mi ni ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti bí ọ̀sẹ̀ méje báyìí. Kò gùn rárá. "Gbogbo igi ló máa ń hù padà." Tìmílẹ́yìn ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni mo sọ ọ́ fún, lẹ́yìn ilé wa ní Àjàrà, ní Àgbádárìgì níbí, níjọ́ kan tí mò ń já orí ata rodo dànù, tí òun gbé bókẹ́ẹ̀tì omi dání tó ń wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kò ní kú báyìí? Ta ló sọ fún yín pé ó máa hù padà?" Mo sì dá a lóhùn láì gbójú sókè, bí àwa tíṣà ṣe máa ń dáhùn nígbà tá a bá fẹ́ kí ọmọ dákẹ́ ká lè parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa.

Mo máa ń gbọ́ gbólóhùn yẹn tí mo bá ń fọ abọ́, mo máa ń gbọ́ ọ nínú kéké láàárọ̀, àní lọ́jọ́ kan mo dúró síwájú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, gbogbo kíláàsì ń wò mí, mi ò rántí nǹkan tí mo fẹ́ kọ mọ́.

Àtàǹpàkò Ìyá Sẹ́nàmì

Ìyá Sẹ́nàmì ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ẹ̀yà Ògù ni wọ́n, ilé tó kàn wá ni wọ́n ń gbé, wọ́n máa ń kó ata àti ẹ̀fọ́ lọ sí ọjà Àgbálátà. Èmi gbin ata rodo méjìlá sínú àpò ìrẹsì lọ́dún tó kọjá, torí iyanrìn ni ilẹ̀ ibí, omi ò kí ń dúró nínú ẹ̀, téèyàn ò bá po ìgbẹ́ adìyẹ àti ewé jíjẹrà mọ́ ọn, ṣe ló kàn máa ń da omi sílẹ̀ lásán. Ata yẹn ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ń pè lókè, kò ní ẹ̀ka kankan lára. Inú mi ń dùn ṣáá, torí gíga ẹ̀ ni mò ń wò.

Ìyá Sẹ́nàmì yà wá tọrọ ìṣáná lọ́wọ́ mi níjọ́ kan, wọ́n dúró síbi ata, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Àǹtí Tíṣà, ata ẹ yìí ń sáré, kò jókòó." Kí n tó bi wọ́n pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, wọ́n ti na ọwọ́, wọ́n ti fi èékánná àtàǹpàkò já orí ọ̀kan, wọ́n sì jù ú sílẹ̀ bí ẹni ju èèpo iṣu.

Ó dùn mí gan-an. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka ewé ata yẹn, mo mọ ìgbà tí èyí tó gbẹ̀yìn lára ẹ̀ yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà jù mí lọ ni wọ́n, kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n rí ojú mi, wọ́n fà mí lọ́wọ́ mọ́ra, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wò ó dáadáa. Níbi tí ewé ti so mọ́ igi, ní abíyá ewé gan-an, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì, ó rì sínú bí ojú tó dì. Wọ́n ní, "Ojú ẹ̀ rèé. Wò ó, ojú míì rèé. Ojú ẹ̀ pọ̀. Èyí tó wà lókè ni ò jẹ́ kí àwọn tó kù là."

Mo já márùn-ún sí i lọ́jọ́ yẹn, ó di mẹ́fà, ọwọ́ mi wá kọ̀, mi ò lè já àwọn mẹ́fà tó kù. Bí mo ṣe ṣèèṣì ní ìlà méjì tí mo lè fi wé ara wọn nìyẹn. Kò ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí àwọn ojú tó wà lára àwọn tí mo já fi bẹ̀rẹ̀ sí í là, ẹ̀ka mẹ́ta, ẹ̀ka mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan tún ń pín sí méjì. Mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn tí mi ò já ló kọ́kọ́ tanná, ó fẹ́ẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ṣíwájú, ara wọn ni mo ti kọ́kọ́ ká ata sínú ọbẹ̀, mo tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ lọ sọ fún Ìyá Sẹ́nàmì pé ẹ ò rí i bí. Ìgbà tí òjò oṣù keje dé pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń bọ̀ látorí ọ̀sà ni méjì nínú wọn dojú bolẹ̀, ìkẹta ṣẹ́ láàárín. Àwọn tí mo já rọra jókòó sílẹ̀ bí ìyá olóńjẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án parí, mi ò ra rodo lọ́jà mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo já kú o, kí n sọ ìyẹn náà. Ọjọ́ tí òjò ń kùn ni mo já a, ojú ọgbẹ́ ẹ̀ ò gbẹ, ó dúdú, ó rà lọ sísàlẹ̀. Láti ìgbà yẹn, àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ ni mo máa ń ṣe é, réésà tí mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ni mo ń lò, mo máa ń fi bí ewé márùn-ún mẹ́fà sílẹ̀ lára ẹ̀, mi ò sì kí ń fọwọ́ kan èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni Tìmí ń wò. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ń ṣe é.

Ibi tí mo fò

Ẹni tó bá ti gbádùn nǹkan kan, á fẹ́ mọ̀ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá fídíò orí YouTube lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ gígé orí igi yìí jù, tí wọ́n ń fi sùúrù ṣàlàyé ẹ̀ ní oríkèé dé oríkèé, àwọn tó ń gbin igbó ni. Igbó tí wọ́n ń mu ni mò ń wí. Níbí, ẹni tó bá gbìn ín ti wá ẹ̀wọ̀n, NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ò sì kí ń ṣeré lórí ẹ̀, ata ni mo gbìn, ata náà ni màá máa gbìn. Ṣùgbọ́n Kánádà ti fọwọ́ sí i láti 2018, àwọn ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà náà ti fọwọ́ sí i, torí náà àwọn èèyàn ibẹ̀ ń gbìn ín lójú ayé, wọ́n sì mọ ọ̀nà ẹ̀.

Wọ́n ní tí èèyàn bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wù ú, orí kan ṣoṣo ló máa gbé sókè, á tóbi, àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ á wà lábẹ́ òjìji ẹ̀, wọn ò ní lè ṣe nǹkan gidi. Ẹ jẹ́ kó ní oríkèé, ìyẹn ibi tí ewé ti so mọ́ igi, bíi mẹ́rin sí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó gé e, ẹ gé e díẹ̀ sókè oríkèé kẹta tàbí ìkẹrin, ojú méjì tó wà lábẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti gé e á dìde, méjèèjì á di orí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ara ẹ̀ bá ti yá, ẹ lè tún gé àwọn méjì yẹn, wọ́n á di mẹ́rin, igi náà á wá tẹ́ bíi tábìlì, oòrùn á kan gbogbo ẹ̀ dọ́gba. Wọ́n tún ní kí èèyàn má kó ewé púpọ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, torí ewé ni ìdáná igi, ẹni tó bá tú ìdáná ẹlòmíì ká, kí ló fẹ́ kó jẹ?

Mo wá ka ìdí ẹ̀. Ọ̀mùnú tó wà lókè pátápátá ló ń pèsè nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní auxin, tó máa ń ṣàn wá sísàlẹ̀ nínú igi, bó bá sì ṣe ń ṣàn kọjá báyìí, àwọn ojú tó wà lábíyá ewé á máa sùn lọ. Ní 1933, Kenneth Thimann àti Folke Skoog, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní California nígbà yẹn, gé orí ẹ̀wà kan, wọ́n fi auxin sójú ibi tí wọ́n gé, àwọn ojú yẹn ò là, àfi bíi pé orí ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn onímọ̀ kan tí púpọ̀ nínú wọn wà ní Ọsirélíà wá rí i ní 2014 pé ṣúgà ló tètè ń ṣe iṣẹ́ yẹn: orí ló ń jẹ ṣúgà jù nínú ilé, tí wọ́n bá gé e, ṣúgà tí ì bá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ á yà sọ́dọ̀ àwọn tó kù, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú kí auxin tó dín kù lọ́dọ̀ wọn rárá.

Mo ka ìyẹn, mo rántí Ìyá Sẹ́nàmì tí wọn ò ka ìwé kankan. "Èyí tó wà lókè ni ò jẹ́ kí àwọn tó kù là."

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo fò. Nínú fídíò àwọn onígbó yẹn, ọkùnrin kan sọ pé irú igbó kan wà tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ gé lórí, torí ọjọ́ orí ẹ̀ ló fi ń tanná, kì í ṣe gígùn òru, àsìkò ẹ̀ ti kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tó fi máa wo ọgbẹ́ sàn ìgbà ẹ̀ ti lọ. Àwọn tó ń sọ nípa tòmátò náà sọ bẹ́ẹ̀, pé èyí tó máa ń dúró fúnra ẹ̀ tó bá ti ga dé ìwọ̀n kan, ẹ má gé e lórí, èso lẹ gé dànù yẹn. Mo gbọ́ ọ, mo sì fò ó. Mo fẹ́ràn òfin tó bá rọrùn, èyí tí mo lè kọ sí bọ́ọ̀dù kí gbogbo kíláàsì kà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Àgbọn Mọ́yọ̀

Nígbà tí mo bí Mọ́yọ̀, ọmọ mi kékeré, bàbá ọkọ mi gbé àgbọn kan tó ti hù wá láti Gbèrẹfù, wọ́n gbé e kọjá omi nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n gbé e sórí itan bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n ri ìwọ́ Mọ́yọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì, wọ́n gbin àgbọn náà síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú ilé wọn nìyẹn, ti ọkọ mi wà ní Gbèrẹfù lọ́hùn-ún títí dòní, ó ti ga ju òrùlé lọ. Ti Tìmí wà níbẹ̀ náà. Ti Mọ́yọ̀ nìkan ló wà lọ́dọ̀ wa níbí, torí wọ́n ní kí àwa náà ní ọ̀kan lójú.

Ọmọ ọdún méjì ni Mọ́yọ̀, ọdún méjì náà ni àgbọn yẹn. Ó ti dé èjìká mi. Màrìwò ẹ̀ dúró láàárín ṣánṣán, kò tíì là, ó ń dán. Àwọn àgbà máa ń sọ pé màrìwò tó yọ tó lóun máa kan ọ̀run, ṣé àwọn tó ṣíwájú ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Èmi ò kí ń fi ti Mọ́yọ̀ pa òwe yẹn o, ó máa ń wù mí pé kó kan ọ̀run lóòótọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo lọ sí Àgbálátà, mo fi Tìmí àti àbúrò ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ mi, tó ń sùn nítorí iṣẹ́ òru ló ti dé. Nígbà tí mo padà dé, ó máa tó agogo mọ́kànlá, mo gbé ẹrù mi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn Tìmí lẹ́yìn ilé, ó ń pè mí, inú ẹ̀ dùn débi pé ó ń fò. "Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan tí mo ṣe fún Mọ́yọ̀!"

Mo rí àdá kí n tó rí àgbọn. Ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bókẹ́ẹ̀tì, àdá náà mọ́, omi ṣì ń kán lára ẹ̀. Mo wá rí àgbọn. Ó ti gé e níbi tí gbogbo ewé ti pàdé, kò gé màrìwò nìkan, ó gé e lọ sísàlẹ̀ níbi tó nípọn, mo rí inú ẹ̀ tó funfun, funfun bí inú ẹyin sísè, omi ń sun níbẹ̀. Àwọn ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì dúró. Láàárín wọn ni ihò wà.

Ó ní, "Mo gé e kó lè ní orí méjì. Kó lè so púpọ̀." Ó tún ní, "Mo fi ọṣẹ fọ àdá yẹn. Òjò ò sì rọ̀ láàárọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró síbí díẹ̀. Ọmọ yìí ò ṣe jàgídíjàgan. Gbogbo òfin tí mo kọ́ ọ ló tẹ̀ lé. Ó yan àárọ̀ ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ó fọ irin, ó fi ewé sílẹ̀ lára ẹ̀, mo kà á, ewé márùn-ún ló fi sílẹ̀, bí mo ṣe máa ń fi sílẹ̀ lára ata gẹ́lẹ́. Mo ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e sókè, mo wá rí i pé bí mo bá gbá a, irọ́ ni mo máa pa fún un, pé òun ló jẹ̀bi. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó ń wo ojú mi, ẹ̀rín ojú ẹ̀ ń kúrò díẹ̀díẹ̀, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Ẹ sọ pé gbogbo igi..." Kò parí ẹ̀.

Mi ò ní nǹkan tí mo lè sọ. Mo fà á mọ́ra, ara ẹ̀ ń gbọ́n.

Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ àgbọn ni pé kò kí ń tètè fi hàn pé òun ti kú. Ewé márùn-ún yẹn tutù yọ̀yọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tìmí máa ń lọ bomi rin ín láàárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé, á tún lọ ní ìrọ̀lẹ́, á tẹ̀ ba, á máa wo abíyá ewé kọ̀ọ̀kan bóyá á rí ojú tó fẹ́ là, torí bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Èmi náà ń lọ wò ó tí kò bá sí nílé. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀, mo ti kà á lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo ṣì ń lọ wò ó.

Ohun tí Bàbá Àgbà sọ

Bàbá ọkọ mi wá lọ́jọ́ kẹjọ. Ọkọ mi ti sọ fún wọn lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mi ò lè gbójú sókè. Wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n lọ tààrà sídìí àgbọn, wọ́n fi ìka sínú ihò yẹn, wọ́n gbóòórùn ìka ọ̀hún. Wọ́n wá pe Tìmí.

Mo rò pé wọ́n máa bá a wí ni. Wọ́n mú ọwọ́ ẹ̀, wọ́n fi ìka tiẹ̀ náà síbẹ̀. "Ibí ni gbogbo ẹ̀ wà. Àgbọn ò ní ibòmíì." Wọ́n sọ fún un nípa kòkòrò dúdú oníwo tó máa ń gbẹ́ orí àgbọn wọlé ní Gbèrẹfù, pé tó bá jẹ ewé lásán, àgbọn á yè é, á kàn máa yọ ewé tó ní èéfọ́ lára, ṣùgbọ́n tó bá fi lè dé ibi funfun yìí, ó ti parí, bí àgbọn náà ṣe wù kó ga tó. Wọ́n ní abíyá ewé àgbọn ní ojú tiẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdòdó àti èso nìkan ni ojú yẹn mọ̀ ọ́n ṣe, kò lè di ẹ̀ka, kò lè di orí. Ọ̀pẹ náà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ ni wọ́n yíjú sí mi. Wọn ò pariwo. "Ìyàwó, o kọ́ ọ ní gígé. O ò tíì kọ́ ọ ní wíwò."

Mo sì rò pé mo kọ́ ọ ní wíwò. Mo fi ojú ata hàn án. Ojú ata ni mo fi hàn án, mo wá sọ fún un pé ojú gbogbo igi ni.

Ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi

Bí wọ́n bá ń gé igi nínú igbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo dédé jí lóru, orúkọ ọmọ kan wà lẹ́nu mi tí mi ò pè láti ọdún méjì. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Púráímárì márùn-ún ló wà nígbà yẹn, nínú kíláàsì mi.

Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan méjì ju àwòrán yíyà lọ. Tí mò ń kọ́ wọn ní ìsirò, ó ń ya ọkọ̀ ojú omi. Tí a bá ń ka Yorùbá, ó ń ya ọwọ́ èmi tí mo gbé ìwé dání, ó sì máa ń jọ ọwọ́ mi, òrùka mi á wà níbẹ̀. Èrò tèmi ni pé àwòrán yìí ni orí tó ń jẹ gbogbo ṣúgà, tí n bá gé e, ìsirò á là, Gẹ̀ẹ́sì á là. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn míì, ó sì ṣiṣẹ́. Ọmọ kan wà tó jẹ́ bọ́ọ̀lù ṣáá ni, mo ní kó má gbá bọ́ọ̀lù fún ìdajì tááàmù, ó bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó di ìdánwò ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà du ipò kìíní. Torí náà mo gba ìwé àwòrán lọ́wọ́ ọmọ yìí, mẹ́ta ni, mo tì wọ́n mọ́ inú dúrọ́ọ̀ mi. Mo sọ fún un pé tí máàkì ẹ̀ bá gòkè, màá dá wọn padà.

Kò sunkún. Kò bá mi ṣagídí. Ó jókòó, ó ń wo bọ́ọ̀dù bí mo ṣe fẹ́, mo sì rò pé ó ń gbọ́. Ewé ẹ̀ tutù. Nígbà tó yá, kò kí ń dáhùn tí mo bá pe orúkọ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń pa ilé ìwé jẹ, máàkì ẹ̀ ò gòkè, ó tiẹ̀ wálẹ̀ sí i. Ìparí tááàmù yẹn ni àwọn òbí ẹ̀ kó lọ sí apá Sẹ̀mẹ̀. Mo ro ti ẹ̀ díẹ̀, mo sì gbàgbé. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.

Mi ò wá sọ pé kí a fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n máa hù bó ṣe wù wọ́n. Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, mi ò sí lára wọn. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò, tó bá dàgbà tán apá ò ká a mọ́, mo gbà á, mo ti rí ìrókò tí apá ò ká. Ata tí mi ò já lórí ló ṣubú nínú òjò, ìyẹn náà ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọmọ bọ́ọ̀lù yẹn ní ojú púpọ̀ lára kí n tó gé e, mi ò sì kà wọ́n, mo kàn ṣe kòńgẹ́. Kòńgẹ́ yẹn ni mo wá sọ di òfin, mo fi kan ọmọ tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló ti ń yọ.

Nǹkan míì tún wà tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ. Ta ni a tiẹ̀ ń gé ata fún? Ata fúnra ẹ̀ ò bẹ̀ wá pé ká sọ òun di ẹlẹ́ka mẹ́rin. Tó bá so ẹyọ méjì péré, tí kóró ẹ̀ jábọ́ síbi tó dáa, iṣẹ́ ata ti parí. Ìkòkò ọbẹ̀ mi ni mo ń gé e fún. Kò burú, mo gbin ata torí ọbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gba ìwé ọmọ yẹn, mo ní torí ẹ̀ ni, mo sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀ lójú pé torí ọmọ yín ni o. Máàkì kíláàsì mi ni mò ń wò. Orúkọ mi ló máa wà lókè ìwé èsì yẹn tí wọ́n bá gbé e dé ọ́fíìsì.

Mo ti gba nọ́ńbà ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ìwé. Kò lọ. Tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbọ́n tó ń gbé lọ́nà Sẹ̀mẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní òun máa bá mi wádìí. Mo ti kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde kúrò nínú dúrọ́ọ̀, mo wé wọn sínú ọ̀rá kí òjò má bà á jẹ́, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí. Tìmí ti wò wọ́n. Ó bi mí pé ta ló ya ọwọ́ yín yìí? Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láì fo ibì kankan.

Àgbọn Mọ́yọ̀ ti gbẹ. Ewé tó gbẹ̀yìn pọ́n, ó wálẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi sì hú u. Bàbá Àgbà ti gbé òmíràn wá láti Gbèrẹfù, wọ́n gbìn ín síbi tí tàkọ́kọ́ wà náà, Tìmí ló gbẹ́ ilẹ̀, ó to búlọ́ọ̀kù yí i ká kí ewúrẹ́ má dé ibẹ̀.

Lánàá, lẹ́yìn tá a jẹun tán, iná ò sí, a jókòó síta. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Mọ́mì, ìbẹ́pẹ ńkọ́? Òun náà ò lẹ́ka. Ṣé bíi ti àgbọn ni àbí bíi ti ata?"

Ìdáhùn kan ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Mo ní, "Lọ gbé tọ́ọ̀ṣì wá." A jọ lọ sídìí ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, mo gbé e sórí búlọ́ọ̀kù kí ọwọ́ ẹ̀ lè tó ewé, mo tan iná sí i, ó tẹ orí síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo abíyá ewé kọ̀ọ̀kan.